ṢÉ Ó YẸ KÍ A KÓ OGUN KỌJÁ ÀÀLÀ LỌ BÁ ÀWỌN AGBÉBỌN?

*Èyí ni ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn agbẹnusọ ẹgbẹ́ wa sọ níwájú ìpàdé àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé Kumasi, ní Anloga Junction, ní orílẹ̀-èdè Gánà. A tẹ̀ ẹ́ jáde lódindi kí àwọn òǹkàwé wa tí kò sí níbẹ̀ lè rí i kà.*

Mo kí àwọn onílẹ̀, àwọn ọmọ Asante, tí wọ́n gba àwọn baba wa lálejò tí wọ́n sì fún wọn ní àyè láti ná ọjà àti láti kọ́ ilé. Ẹni tí a bá gbà lálejò, dandan ni kí ó máa gbàdúrà fún àlàáfíà ilé tí ó wọ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ àlàáfíà yìí gan-an ni ó gbé mi dìde lónìí. Ìbéèrè kan ń lọ láti ẹnu dé ẹnu, ní Gánà níhìn-ín àti ní ilé wa ní Nàìjíríà. Ìbéèrè náà ni pé, nígbà tí àwọn agbébọn bá fi ìdí kalẹ̀ sí ẹ̀yìn ààlà wa, tí wọ́n ń pa aládùúgbò wa, tí wọ́n sì ń yọjú wò wá, ṣé kí a dúró dè wọ́n nínú ilé wa ni, tàbí kí a kó ọmọ ogun wa kọjá ààlà lọ bá wọn níbi tí wọ́n wà?

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ará Accra àti Àbújá nìkan ni èyí. Ọ̀nà ńlá Accra ni ó kọjá níwájú wa yìí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó ń ru tòmátò, àlùbọ́sà àti màlúù wá sí ọjà Kumasi ni ó gba Paga wọlé láti Burkina Faso, kí ó tó gba Bolgatanga àti Tamale sọ̀ kalẹ̀ wá. Ìyá tí ó ń ra agbọ̀n tòmátò kan ní Kejetia ń jẹ nínú àlàáfíà ilẹ̀ Burkina Faso, bí kò tilẹ̀ mọ̀. Bí ọ̀nà náà bá dí, apá kan oúnjẹ wa ni ó dí.

BÍ INÁ NÁÀ ṢE RÀN DÉ ÀDÚGBÒ WA

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2012 ni àwọn agbébọn gba ìhà àríwá ilẹ̀ Mali. Ní oṣù kìíní ọdún 2013, ìjọba Faransé kó ọmọ ogun wọ ibẹ̀ lọ lé wọn. Wọ́n lé wọn kúrò nínú àwọn ìlú ńlá, ṣùgbọ́n wọn kò lé wọn kúrò ní abúlé àti aginjù. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, iná náà dé Ouagadougou, wọ́n sì pa ènìyàn 30. Ní oṣù kẹta ọdún kan náà, ó dé etíkun Grand-Bassam ní Ivory Coast, ènìyàn 19 sì kú níbẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ agbébọn wọ̀nyí para pọ̀ di ọ̀kan, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní JNIM.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá sí apá ọ̀dọ̀ wa. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, wọ́n kọlu àwọn ọmọ ogun Ivory Coast ní Kafolo, wọ́n sì pa ju mẹ́wàá lọ nínú wọn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, wọ́n pa ọmọ ogun Tógò 8 ní Kpinkankandi. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, èyí tí àwọn baba wa mọ̀ sí Dahomey, ọjọ́ kan ṣoṣo nínú oṣù kẹrin ọdún 2025 ni ìjọba sọ pé ọmọ ogun 54 kú, nínú igbó ọba W ní ìhà àríwá. Ní òpin oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni JNIM kéde pé àwọn ti kọlu àwọn ọmọ ogun ní ilẹ̀ Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́. Níbo ni wọ́n sì ti ṣe é? Ní ìpínlẹ̀ Kwara ni, níbi tí àwọn kan nínú yín ti wá.

Ní ti Gánà, títí di òpin ọdún 2025, kò tíì sí ìkọlù ńlá kankan láti ọwọ́ wọn lórí ilẹ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ni ààlà tí ó pín Gánà àti Burkina Faso níyà gùn ju 500 kìlómítà lọ. Ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tí ogun lé kúrò nílé ti wọ ìhà àríwá Gánà wá, a sì ti ní láti tẹ ibùdó dó fún wọn ní Tarikom. Ẹni tí ó bá rí èéfín, kò yẹ kí ó máa bi ara rẹ̀ léèrè bóyá iná wà.

ÀWÍJÀRE ÀWỌN TÍ Ó NÍ KÍ A LỌ

Kò dára kí ènìyàn máa fi ọ̀rọ̀ alátakò rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn tí ó ní kí a kó ogun lọ, wọ́n ní ìdí tí ó lágbára.

Wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò bá kìlọ̀ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Wọ́n ní agbébọn tí a lé láti Kwara tí ó sì sá wọ inú igbó Bẹ̀nẹ̀, bí ọmọ ogun wa bá dúró ní etí ààlà tí wọ́n ń wò ó, yóò sinmi, yóò jẹun, yóò sì padà wá. Wọ́n tún ní a ti ṣe irú rẹ̀ rí, ó sì yọrí sí rere. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1990, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS kó ọmọ ogun lọ sí Liberia. Ọ̀gágun Arnold Quainoo, ọmọ Gánà, ni ó kọ́kọ́ ṣe olórí wọn, Nàìjíríà ni ó sì ru èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹrù náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2015, àwọn ọmọ ogun Chad wọ Borno, wọ́n sì gba ìlú bíi Gamboru àti Dikwa lọ́wọ́ Boko Haram.

Gbogbo èyí ni òtítọ́. Èmi kò sì wá síhìn-ín láti sọ pé kí ẹnikẹ́ni ká ọwọ́ gbera kí ejò máa pa ọmọ aládùúgbò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó kù ni pé: ta ni ó pe ọmọ ogun náà, kí ni yóò ṣe, ìgbà wo ni yóò sì padà sílé? Bí a kò bá rí ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ogun tí a lọ jà lóko ni yóò bá wa délé.

OHUN TÍ OJÚ ÀWỌN MÌÍRÀN RÍ

Ẹ wo Etiópíà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2006, ó kó ogun wọ Somalia láti lé àwọn tí ó kà sí ewu ní ẹ̀bá ààlà rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tẹ Mogadishu. Bí ó bá jẹ́ pé gbígba ìlú ni ogun, a bá ní ogun ti tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi máa kúrò níbẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2009, al-Shabaab, tí ó kéré nígbà tí ó ń wọlé, ti di ẹgbẹ́ ńlá. Kí ni ó sọ wọ́n di ńlá? Ọmọ Somalia tí kò fẹ́ràn agbébọn rí i pé ọmọ ogun àjèjì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà òun, ó sì gbàgbé ohun tí ó kórìíra tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà wa ti wí pé àlejò ní ojú ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Ọmọ ogun tí kò gbọ́ èdè abúlé, tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín darandaran àti agbébọn, ẹni tí kò ṣẹ̀ ni yóò máa nà. Lójoojúmọ́ ni ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ọmọ ẹ̀yìn fún ọ̀tá rẹ̀.

Ẹ wo Kẹ́ńyà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2011, lẹ́yìn tí a ti jí àwọn àlejò kan gbé ní etíkun rẹ̀, ó kó ọmọ ogun wọ Somalia. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013, al-Shabaab wọ ilé ìtajà Westgate ní Nairobi, wọ́n sì pa ènìyàn 67. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Garissa, ènìyàn 148 sì kú níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ni ó pọ̀ jù nínú wọn. N kò sọ pé ẹ̀bi Kẹ́ńyà ni ikú wọn. Ẹ̀bi apànìyàn ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó bá ju òkò sí ọ̀gbà oyin, kí ó kọ́kọ́ bo ọmọ tirẹ̀ lára.

Ẹ tún wo èyí tí ó súnmọ́ wa jùlọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, Ivory Coast àti Burkina Faso jùmọ̀ gbógun ti àwọn agbébọn ní etí ààlà wọn. Wọ́n mú àwọn kan, wọ́n sì tú ibùdó wọn ká. Oṣù kejì rẹ̀ ni ìkọlù Kafolo tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ṣẹlẹ̀. Chad pẹ̀lú, lẹ́yìn tí Boko Haram ti pa àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tí ó tó 100 ní Boma ní oṣù kẹta ọdún 2020, Ààrẹ Idriss Déby fúnra rẹ̀ ni ó ṣáájú ogun lọ gbẹ̀san, wọ́n sì kéde ìṣẹ́gun. Síbẹ̀, ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, àwọn agbébọn tún padà, wọ́n sì pa ọmọ ogun Chad tí ó tó 40. Ìbọn lè lé agbébọn, ṣùgbọ́n kò lè gbé inú abúlé dípò ìjọba.

OGUN ẸNU TÍ Ó BA ÀDÚGBÒ JẸ́

Nígbà mìíràn, a kò tilẹ̀ ní láti kọjá ààlà kí a tó ba nǹkan jẹ́. Ìhàlẹ̀ nìkan ti tó. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2023, àwọn ọmọ ogun gba ìjọba ní Niger. ECOWAS fún wọn ní ọjọ́ méje pére, ó ní bí wọn kò bá gbé ìjọba padà, ó lè fi agbára ogun ṣe é. Ilé Aṣòfin Àgbà ní Àbújá sọ pé ọ̀nà mìíràn ni kí a gbà, ogun náà kò sì wáyé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu ná. Niger ti ààlà rẹ̀ mọ́ Bẹ̀nẹ̀, ó ń fura pé láti ibẹ̀ ni wọn yóò ti wá bá òun jà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, Mali, Burkina Faso àti Niger mulẹ̀ pé bí a bá bá ọ̀kan jà, a bá gbogbo wọn jà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025, wọ́n kúrò nínú ECOWAS.

Ta ni ó jèrè? Àwọn agbébọn ni. Ibi tí Bẹ̀nẹ̀, Niger àti Burkina Faso ti pàdé nínú igbó ọba W, ibẹ̀ ni ọmọ ogun orílẹ̀-èdè mẹ́ta ti yẹ kí ó máa sọ fún ara wọn pé, "Wọ́n ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ yín." Ìbínú ti pa ẹnu mọ́. Ọmọ ogun 54 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, àgbègbè náà gan-an ni wọ́n kú sí. Ní ọdún 2017, Gánà àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ti dá ìpàdé kan sílẹ̀ tí a ń pè ní Accra Initiative, kí wọ́n lè máa fi ìròyìn tó ara wọn létí kí wọ́n sì máa jùmọ̀ ṣọ́ ààlà. Ní ọdún 2018, wọ́n jùmọ̀ ṣiṣẹ́ ní ẹ̀bá ààlà wọn, wọ́n sì mú ọ̀pọ̀ ọ̀daràn. Irú èyí ni ìjà tí ó ń dun agbébọn. Aládùúgbò tí kò bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ mọ́, olè ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún.

ÒṢOGBO ÀTI KÍRÌJÌ: Ẹ̀KỌ́ INÚ ILÉ WA

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kò di ìgbà tí a bá lọ sí Somalia kí a tó kọ́ ọgbọ́n yìí. Mo mọ̀ pé ọmọ Ìlọrin, ọmọ Ìbàdàn, ọmọ Òṣogbo àti ọmọ Èkìtì jọ jókòó pọ̀ níhìn-ín. Kì í ṣe pé mo fẹ́ tú ọgbẹ́ àtijọ́. Ẹ̀kọ́ ni mo fẹ́ kí a mú níbẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1840, ogun Ìlọrin dó ti Òṣogbo. Òṣogbo rí i pé apá òun nìkan kò ká a, ó sì ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Ìbàdàn dìde, Balógun Oderinlo ṣáájú wọn, wọ́n sì lé ogun náà padà. Onílé ni ó pè wọ́n. Onílé ni ó fi ọ̀nà hàn wọ́n. Ọ̀ràn tí wọ́n bá wá kò ṣòro láti mọ̀. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ náà fi yọrí sí rere, tí òkìkí Ìbàdàn sì kàn dé ibi gbogbo gẹ́gẹ́ bí aláàbò.

Ṣùgbọ́n kí ni ó tẹ̀lé e? Aláàbò kò tètè padà sílé. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, Ìbàdàn ń fi àjẹ́lẹ̀ sí ìlú tí ó ní òun ń dáàbò bò, títí dé Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Àjẹ́lẹ̀ ń gba ìṣákọ́lẹ̀, àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ń gba ohun olóhun, ìyàwó oníyàwó kò sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 1878, Fábùnmi ti Òkè-Mẹ̀sí yọ idà sí àjẹ́lẹ̀ ìlú rẹ̀, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì para pọ̀, Ògèdèńgbé ti Iléṣà sì di olórí ogun wọn. Nínú ogun náà ni Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kú sí ní ọdún 1885. Láti 1877 tí ìjà gbogbogbòò ti bẹ́ títí di 1893 tí àwọn ogun tú ká, ọdún 16 ni ilẹ̀ Yorùbá fi gbóná. Nígbà tí ó máa rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ti wọlé tọ̀ wá gẹ́gẹ́ bí onílàjà, a sì mọ ohun tí ó gbà lówó iṣẹ́ ìlàjà rẹ̀.

Òṣogbo kọ́ wa pé ó tọ́ kí a lọ ran aládùúgbò tí ó bá pè wá lọ́wọ́. Kírìjì kọ́ wa pé ẹni tí ó lọ ṣe ìrànlọ́wọ́ tí kò mọ ìgbà tí yóò padà, òun náà ni yóò di ogun tí a óò máa pe ẹlòmíràn wá lé. Ní Kumasi yìí náà, onílẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ yìí ju bí ẹnu mi ti lè sọ ọ́ lọ. Ní oṣù kejì ọdún 1874, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì dáná sun ìlú yìí. Ní ọdún 1900, nígbà ogun Yaa Asantewaa, ọmọ ogun tí a kó wá láti Nàìjíríà wà lára àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì fi wọ̀ ọ́. "Ètò àti àlàáfíà" ni orúkọ tí àwọn tí ó kó wọn wá fi pe iṣẹ́ náà.

OHUN TÍ A FARA MỌ́

Nítorí náà, tí a bá bi ẹgbẹ́ wa léèrè bóyá kí orílẹ̀-èdè kan kó ogun kọjá ààlà rẹ̀ lọ bá àwọn agbébọn, ìdáhùn wa ni pé: rárá, àfi bí nǹkan mẹ́rin bá pé.

Èkíní ni ìpè. Kí ìjọba tí ó ni ilẹ̀ náà fi ẹnu ara rẹ̀ pè wá ní gbangba. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 2025, nígbà tí àwọn ọmọ ogun kan fẹ́ gba ìjọba ní Bẹ̀nẹ̀, Ààrẹ Talon ni ó bẹ Nàìjíríà kí ó wá, ọkọ̀ òfuurufú ogun wa sì lọ. Ọ̀ràn ìdìtẹ̀ ni èyí, kì í ṣe ti agbébọn inú igbó, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni. Nítorí pé onílé pè, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé a ya wọ ilé onílé.

Èkejì ni ìfọwọ́sí àwọn aṣojú ará ìlú. Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 5, kò gba ààrẹ láyè láti rán ọmọ ogun lọ jà lẹ́yìn odi láìjẹ́ pé Ilé Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí i. Bí ewu bá sì jẹ́ kánjúkánjú tí ó fi rán wọn, láàárín ọjọ́ 7 ni ó gbọ́dọ̀ wá bá wọn. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń lọ sójú ogun ní ẹ̀tọ́ láti mọ ìdí tí ó fi ń lọ.

Ẹ̀kẹta ni gbèdéke. Kí a kọ ọjọ́ ìpadàbọ̀ sílẹ̀ kí a tó kọ ọjọ́ àtilọ. Kí a dárúkọ iṣẹ́ náà ní pàtó: igbó wo, ẹgbẹ́ wo, fún oṣù mélòó. Ogun tí kò ní òpin kì í ṣe ìrànlọ́wọ́ mọ́.

Ẹ̀kẹrin, tí ó sì ṣe pàtàkì jùlọ, ni pé kí a ti kọ́kọ́ tún abúlé tí ó wà ní ìhà tiwa ṣe. Bí ògiri kò bá la ẹnu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀. Agbébọn kì í wọ abúlé tí ó ní ọlọ́pàá, ọ̀nà, omi, ilé ìwé àti adájọ́ tí kì í gba rìbá, bí ó ti ń wọ abúlé tí ìjọba ti gbàgbé. Láàárín Kaiama àti igbó Kainji, abúlé mélòó ni ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí òṣìṣẹ́ ìjọba kẹ́yìn? Kí a tó wá lé agbébọn dé inú igbó Bẹ̀nẹ̀, ṣé a ti lé e kúrò nínú igbó tiwa?

Ní Gánà, ògiri tí ó la ẹnu ni Bawku. Ìjà oyè láàárín àwọn Kusasi àti Mamprusi tún ti gbóná láti òpin ọdún 2021, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí ààlà Burkina Faso rárá. Ibi tí ọmọ ìyá méjì bá ti ń ra ìbọn de ara wọn, ẹnìkẹta tí ó ní ìbọn láti tà kò ní pẹ́ dé. Nítorí náà, nígbà tí Otumfuo Osei Tutu Kejì gba ẹjọ́ náà rò, tí ó gbọ́ ti ìhà méjèèjì, tí ó sì gbé àbọ̀ rẹ̀ lé Ààrẹ Mahama lọ́wọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, iṣẹ́ ààbò ni ó ṣe. Ọ̀nà náà lè gùn, àwọn kan sì lè má fẹ́ràn ibi tí ẹjọ́ bá já sí. Ṣùgbọ́n ìlàjà kan tí a bá ṣe ní Bawku sàn ju ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ogun tí a bá rán kọjá Paga lọ.

Ẹnìkan lè ní, "Ṣé kí a wá jẹ́ kí àwọn agbébọn máa sinmi lọ́dọ̀ wa, nítorí pé wọn kò tíì bá wa jà?" Èmi náà ní rárá. Kí a má fi ibùsùn fún ejò. Agbébọn kì í jẹ òkúta. Ó ń mu epo bẹntiróòlù, ó ń gun alùpùpù, ó ń fi ajílẹ̀ ṣe àdó olóró, ó sì ń ta màlúù tí ó jí ní ọjà tí ẹnikẹ́ni kì í ti í béèrè ibi tí ó ti wá. Nǹkan wọ̀nyí ń gba ọwọ́ oníṣòwò kọjá. Gbogbo èyí ni ìjọba lè dí ní ilẹ̀ ara rẹ̀, láìkọjá ààlà ẹnikẹ́ni.

IPA TIWA NÍ ILẸ̀ ÀJÒ

Mo ń bọ̀ wá sí ọ̀rọ̀ tí ó kan àwa fúnra wa. Nígbà tí ogun bá wọ ìlú, ta ni a kọ́kọ́ ń wò lójú? Àlejò ni. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin àgbà tí ó wà níhìn-ín kò gbàgbé ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tí a bí ní Kumasi, tí wọn kò mọ ilé mìíràn, di ẹrù lórí. Ọjà tí a fi ogún ọdún kó jọ, ọjọ́ mélòó kan ni a fi tà á ní ọ̀pọ̀. Kí a má sì gbàgbé pé ní oṣù kìíní ọdún 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ọmọ Gánà jáde. Ní oṣù keje ọdún 2025, àwọn kan tún jáde sí ìgboro ní Gánà tí wọ́n ní kí ọmọ Nàìjíríà máa lọ. Àwọn tí ó ronú kò bá wọn lọ́wọ́ sí i, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí Gánà bá wọ ogun ní ẹ̀yìn ààlà rẹ̀, tí ìkọlù ẹ̀san sì dé ìlú ńlá kan, ẹ mọ bí ìfura yóò ti pọ̀ tó. Kò ní dúró lórí ọmọ Burkina nìkan; yóò kan gbogbo ẹni tí ó ń gbé Zongo.

Nítorí èyí, mo bẹ̀ yín ní nǹkan mẹ́ta. Ẹ tún ìwé ìgbélùú yín ṣe, kí ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ wàhálà. Ẹni tí ẹ bá fẹ́ gbà sílé tàbí tí ẹ fẹ́ tà ní alùpùpù àti ajílẹ̀ rẹpẹtẹ, ẹ mọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tí ó ti wá. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá sì yé yín, ẹ fi tó olórí Zongo àti ọlọ́pàá létí. Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe bá wọn pe gbogbo Fúlàní àti gbogbo Mossi ní agbébọn. Àwọn tí agbébọn pa jùlọ ní Burkina Faso, àwọn ará abúlé wọ̀nyí náà ni. Ohun tí a kò fẹ́ kí a ṣe sí wa ní 1969, ẹ má jẹ́ kí a fi ẹnu wa ṣe é sí ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ tí a bá sì fi ránṣẹ́ sí yín lórí fóònù pé ogun ti dé ibi báyìí, ẹ má ṣe tàn án kálẹ̀ kí ẹ tó mọ òtítọ́ rẹ̀.

Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ní ìdìbò ní ilé, ẹ kọ̀wé sí àwọn aṣojú yín. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ti ṣe fún Kaiama àti Baruten kí wọ́n tó máa sọ̀rọ̀ ogun ẹ̀yìn odi. Ẹ bi wọ́n léèrè bóyá àdéhùn wà láàárín àwa àti Bẹ̀nẹ̀ lórí bí a óò ti lépa agbébọn tí ó bá sá kọjá ààlà, ta ni yóò pe ta ni, àti ìgbà wo ni ẹni tí ó wọlé yóò jáde. Bí àdéhùn bẹ́ẹ̀ bá wà, kí a sọ ọ́ di mímọ̀. Bí kò bá sí, kí wọ́n lọ ṣe é nísinsìnyí tí orí ṣì tutù.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. A ti gbọ́ nípa ogun yìí, a rí ọ̀nà tí ó ń gbà bọ̀, a sì mọ ohun tí ó ń jẹ. Kí a di ògiri wa, kí a bá aládùúgbò wa sọ̀rọ̀, kí a lọ nígbà tí ó bá pè wá, kí a sì padà nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Kí Ọlọ́run fi àlàáfíà fún Gánà tí ó gbà wá, kí ó fi fún Nàìjíríà tí ó bí wa, kí ó sì fi fún àwọn tí ogun lé kúrò nílé wọn ní Burkina Faso, kí àwọn náà lè padà sí oko wọn.